Ilẹ̀ Yìí Rọ̀

Ojú-Tépù ni wọ́n ń pe àbúrò mi níbi iṣẹ́, nítorí kì í wọn aṣọ. Á wo èèyàn láti òkè délẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá pa aṣọ lára díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, á sì gbé sísọ́ọ̀sì. Bí àwa yòókù bá wá fi tépù wọn ohun tó gé, ibi tó yẹ kó dé gan-an ló dé. Òun fúnra rẹ̀ kì í fi yangàn. Èmi ni mo máa ń bá a fi yangàn, ẹnì kan ṣáà gbọ́dọ̀ ṣe é.

Ibi iṣẹ́ kan náà la jọ wà. Òun ń rán, èmi ń lọ aṣọ. Ẹ̀wù funfun tí àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ń wọ̀ là ń ṣe níbẹ̀, nínú yàrá gígùn kan tí máṣìn tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri méjèèjì. Tábìlì tèmi wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, kí ooru áyọ́ọ̀nù lè ráyè jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara mi ni ooru ọ̀hún ń jáde sí. Mo máa ń kùn látàárọ̀ dalẹ́, kò sẹ́ni tó ń dá mi lóhùn. Wọ́n ní bí mi ò bá kùn lọ́jọ́ kan, àwọn á ránṣẹ́ pe dókítà.

Ọ̀gá wa ní àṣà kan. Láràárọ̀, bí a bá ti gbálẹ̀ tán, tí a sì ti kán epo sí máṣìn, á gbé ìgò tóníìkì ẹ̀jẹ̀ ńlá kan jáde. Gbogbo wa á tò bí ọmọ iléèwé, á bu ìdérí ìgò kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, á sì dúró wò wá títí a ó fi gbé e mì. Òṣìṣẹ́ kan ló dákú sídìí máṣìn rẹ̀ nígbà kan, láti ìgbà náà ni ẹ̀rù ti ń ba ọ̀gá. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká parọ́ mọ́ ọn. Nígbà tí àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ó máa ń rẹ òun, ọ̀gá ní kó máa mu ìdérí méjì. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa la ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ó rẹ̀ ẹ́ títí, ó wá di pé inú rẹ̀ kì í dùn mọ́. Ẹni tó jẹ́ pé èmi ló ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ láti kékeré ló wá ń jókòó sídìí máṣìn láìsọ ohunkóhun. Òwú já lọ́jọ́ kan, ó bú sẹ́kún. Òwú lásán. Ó ń gbàgbé ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ sí, ó ń gbàgbé pé a ti jẹun, á béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi, á tún yí padà béèrè rẹ̀. Mo jágbe mọ́ ọn, mo ní ṣé ó ń fi mí ṣeré ni. Ẹnu mi ló ń pariwo o. Àyà mi ti ń já látilẹ̀, torí pé mo ti rí irú nǹkan yìí rí, nínú ilé tiwa gan-an.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni ọ̀rọ̀ náà fojú hàn. Mo ń lọ ọrùn ẹ̀wù kan lọ́wọ́, mo gbójú sókè, mo rí àbúrò mi tó ń rán apá ẹ̀wù. Nǹkan pupa kan ń tẹ̀ lé ojú ìránṣọ náà bọ̀ lórí aṣọ funfun. Mo rò pé òwú pupa ló ṣèèṣì fi sí máṣìn, mo sì ti ń to èébú sẹ́nu. Ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo rí i pé ẹ̀jẹ̀ ni. Abẹ́rẹ́ máṣìn ti gba inú ìka rẹ̀ kọjá, ó sì ń tẹ pẹ́dàlì lọ.

“Dúró,” ni mo wí. “Wo ọwọ́ rẹ.”

Ó wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn. “Ẹ̀gbọ́n mi,” ó ní, “kò dùn mí.”

Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ẹ̀rù tó bà mí. Ká ní ó ké ni, mo mọ ohun tí à ń ṣe fún ẹni tó ń ké. Ó kàn jókòó, ó ń wo ìka náà, ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí aṣọ, gbogbo máṣìn inú yàrá sì dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

A wé aṣọ mọ́ ìka rẹ̀, ọ̀gá ní ká máa lọ sílé. Nígbà tí a délé, ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé ilẹ̀ pálọ̀. Sìmẹ́ńtì ni ilẹ̀ wa, èmi ni mo gbá a láàárọ̀. Ó dúró. Ó tún tẹ̀ ẹ́ wò.

“Kí ló dé tí ilẹ̀ yìí fi rọ̀ báyìí?”

Màmá wa ló máa ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Bí Màmá ṣe ń sọ ọ́ náà ló sọ ọ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún níwájú, ojú nílẹ̀.

Mi ò fẹ́ràn kí n máa sọ ti Màmá, ṣùgbọ́n n ó sọ ọ́. Rírẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀ lára wọn náà. Ahọ́n wọn wá pọ́n, ó ń dán, oúnjẹ gbígbóná ò ṣeé fi kàn án. Wọ́n á ní ilẹ̀ rọ̀, pé ó dà bíi pé àwọn ń rìn lórí tìmùtìmù, àwa ọmọ á sì máa rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé wa. Wọ́n á jáde láìwọ bàtà, a ó máa wá wọn kiri àdúgbò. Àbúrò bàbá wa, tí à ń pè ní Bàbá Kékeré, ló wá kan irin ìtìlẹ̀kùn kan mọ́ ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn. Ìta ló kàn án sí. Ó ní kí wọ́n má baà sọ nù mọ́ wa lọ́wọ́ ni.

Inú yàrá yẹn ni Màmá kú sí. Àwọn àgbà ẹbí ní orí wọn ló dàrú, pé irú rẹ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Ọ̀rọ̀ yẹn ni èmi àti àbúrò mi gbé dàgbà, a ò sì bá ara wa sọ ọ́ rí. A sọ yàrá náà di ibi tí à ń kó àjákù aṣọ sí. Irin náà wà lára ilẹ̀kùn títí di ìgbà tí mò ń wí yìí, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Lọ́jọ́ kejì mo mú àbúrò mi lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà nítòsí wa. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó lọ yẹ̀ ẹ́ wò, ó padà wá pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó ní ẹ̀jẹ̀ pé, ó tilẹ̀ pé dáadáa, pé ìrònú ló ń dà á láàmú, kó lọ máa sinmi. Mo ní ìka tí abẹ́rẹ́ gbà kọjá ńkọ́? Ó ní àìfarabalẹ̀ ni. Mo ní kó fún mi ní abẹ́rẹ́ kan, kí n fi gún un lọ́wọ́, ká wò ó bóyá òun náà á fara balẹ̀. Àbúrò mi fà mí láṣọ títí a fi jáde.

Mo ń bínú dé títì, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ìbínú náà tán nínú mi, ó ku ẹ̀rù nìkan. Bí ẹ̀jẹ̀ bá pé, tí kò sí àìsàn kankan, a jẹ́ pé orí náà ni. A jẹ́ pé ohun tí wọ́n sọ nípa wa ti dé.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà délé iṣẹ́, oníkálukú bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oògùn wá. Ẹni tó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù gbé epo ẹja wá, ó ní ó ń jí ọpọlọ. Ẹlòmíràn gbé mágínísíọ́ọ̀mù wá nítorí oorun. Ẹnì kan gbé síǹkì, ẹnì kan gbé ewé lílọ̀ tó wà nínú kápúsù, ó ní ó ń mú inú ẹni dùn. Ó lò ó, inú kò dùn. Àwọn ike náà tò sójú fèrèsé rẹ̀, ó ń lo gbogbo wọn, èmi ni mo sì ń bu omi fún un. Ẹ̀rù ò jẹ́ ká ka ẹ̀yìn ike kankan. Tóníìkì ọ̀gá di ìdérí mẹ́ta, ó sì fún un ní ìgò kan gbé lọ sílé.

Ó kàn ń burú sí i ni. Àárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń dáná lọ́wọ́, mo gbọ́ gbì nílé ìwẹ̀. Mo bá a nílẹ̀, ọṣẹ kún ojú rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì ń wá ògiri.

“Mo kàn dijú kí ọṣẹ má baà wọ̀ ọ́ ni,” ó ní. “Bí mo bá ti dijú, mi ò mọ ibi tí ẹsẹ̀ mi wà mọ́.”

Mo jókòó tì í nínú omi, taṣọ-taṣọ. Mo bu omi ṣan ojú rẹ̀. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ pé òun ń fún un pinpin.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣèlérí ohun kan fún mi.”

“Kí ni?”

“Bó bá dójú ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi mí sí yàrá ẹ̀yìn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi irin yẹn tì mí mọ́lé.”

Ẹ̀rù rẹ̀ bà mí. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, ẹ̀rù ara mi náà bà mí, torí ìyá kan náà ló bí wa. Mo kàn ń nu ẹ̀yìn rẹ̀, mò ń nu ibi tó ti gbẹ.

Lọ́jọ́ yẹn gan-an mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. A jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ́, kí wọ́n tó pè wá. Dókítà tó gbà wá jẹ́ ọmọbìnrin kékeré, mo sì ti fẹ́ sọ pé kí wọ́n pe àgbà wá. Kí n tó la ẹnu, àbúrò mi ti ń wo ẹ̀wù ọrùn rẹ̀ láti òkè délẹ̀.

“Ẹ má bínú, Dókítà,” ó ní, “apá òsì ẹ̀wù yín fi díẹ̀ gùn ju ọ̀tún lọ. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti rán an.”

Dókítà na apá méjèèjì síwájú, ó wò wọ́n. “Mo ti ń rò pé èmi ni apá mi kúrú,” ó ní.

Ẹ̀rín pa mí, omi sì bọ́ lójú mi. Ojú-Tépù ṣì wà níbẹ̀, kò tíì lọ.

Dókítà mú irin ẹlẹ́nu méjì kan, ó gbá a mọ́ ọwọ́, irin náà ń dún wùùù, ó gbé ìdí rẹ̀ lé kókósẹ̀ àbúrò mi. Ó bi í bóyá irin náà ń gbọ̀n. Àbúrò mi ní ó tutù, kò gbọ̀n. Mo ń fi ojú mi rí i tó ń gbọ̀n. Ó gbé e lé orúnkún, àbúrò mi ní kò gbọ̀n. Ìgbà tó dé egungun ìbàdí ló ní, “Ẹ̀n-ẹ́n, ó ń gbọ̀n.” Dókítà ní kó dìde dúró, kó dijú. Ó fì síwájú, ó fì sẹ́yìn, dókítà gbá a mú. Ó wá ní kó yọ ahọ́n.

Mi ò tíì wo ahọ́n àbúrò mi láti ìgbà tí gbogbo èyí ti bẹ̀rẹ̀. Ó pọ́n, ó ń dán. Ahọ́n Màmá ni mo rí lẹ́nu rẹ̀.

“Dókítà,” mo ní, “ṣé orí ni?”

Ó bi àbúrò mi ní ohun tó ń lò. Àbúrò mi kó gbogbo ike náà jáde nínú báàgì, dókítà ń kà wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Ó ní epo ẹja ò ṣe é ní nǹkan, pé mágínísíọ́ọ̀mù àti síǹkì lè ṣe ẹni tí ara rẹ̀ kò ní tó láǹfààní, ṣùgbọ́n pé ìbéèrè àkọ́kọ́ ni kí ni ara ṣàìní. Ó di ìgò tóníìkì mú, kò tètè gbé e sílẹ̀.

“Èyí ńkọ́? Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń mu ún?”

“Láràárọ̀ ni,” ni àbúrò mi wí. “Ó ti tó ọdún mélòó kan.”

“Òun ló bo àìsàn yín mọ́lẹ̀.” Ó gbé ìgò náà sáàárín wa. “Ó jọ pé fítámì B12 ló tán lára yín. Òun ló ń tọ́jú iṣan tó ń jíṣẹ́ láàárín ọpọlọ àti ẹsẹ̀. Ìrántí nílò rẹ̀, inú dídùn nílò rẹ̀. Bó bá tán, ẹ̀jẹ̀ sábà máa ń bàjẹ́, ibẹ̀ la sì ti ń tètè fura. Ṣùgbọ́n fólíìkì, fítámì mìíràn tó wà nínú ìgò yìí, ń bá yín tún ẹ̀jẹ̀ ṣe. Ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ wò á ní ó pé, bẹ́ẹ̀ iṣan ń bàjẹ́ lọ, fólíìkì ò sì lè tún ìyẹn ṣe.”

Mo ní B12 náà wà nínú ìgò ọ̀hún, mo rí i tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀.

“Ó wà níbẹ̀, díẹ̀. Ẹran ní in, ẹyin ní in, wàrà ní in. Ó jọ pé inú àbúrò yín ti ṣíwọ́ gbígbà á wọlé ni, ẹnu ọ̀nà ni gbogbo rẹ̀ ń dúró sí. Abẹ́rẹ́ ló máa gba ọ̀nà mìíràn dé ara. Èsì ẹ̀jẹ̀ ló máa fi hàn bóyá bí mo ṣe rò ó ló rí, ṣùgbọ́n mi ò ní dúró dè é kí n tó bẹ̀rẹ̀.”

“Ṣé yóò padà sípò?” ni mo bi í.

“Iṣan tó bá ti jìyà pẹ́, nígbà míì kì í padà tán. A ò tíì mọ̀.” Ó gbé bírò. “Ṣé ẹnì kan ti ṣe irú èyí rí nínú ẹbí yín?”

Èmi àti àbúrò mi wo ara wa. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà máa jáde lẹ́nu wa. Mo sọ ti Màmá, mo sọ ti ahọ́n, mo sọ ti ilẹ̀ tó rọ̀ àti bí wọ́n ṣe gbàgbé wa. Bírò dókítà dúró.

“Kí ni wọ́n ṣe fún wọn?”

Àbúrò mi ló dáhùn. “Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn,” ó ní.

Dókítà ní òun ò yẹ Màmá wò, òun ò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ṣùgbọ́n ohun tí mo ṣàlàyé yẹn jọ ọ́ gan-an, àti pé àìsàn náà máa ń rìn nínú ẹbí. Ó wá kọjú sí mi. “Ẹ̀yin náà, ẹ na apá.” Mo nà án. Mo ti dijú kí abẹ́rẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ mi.

Nígbà tí èsì dé, B12 tirẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Tèmi ṣì wà, wọ́n ní kí n máa padà wá yẹ̀ ẹ́ wò. Mo gba ibi iṣẹ́ lọ tìbínú-tìbínú láti bá ọ̀gá jà, ó ti gbọ́ kí n tó dé. Ó jókòó ti ìgò ńlá tirẹ̀, ó ń wò ó, ọkùnrin náà ti fọwọ́ lẹ́rán. Gbogbo ohun tí mo ti tò sẹ́nu bọ́ nù. Mo kàn ní kó gbé ìgò náà kúrò níbẹ̀.

Abẹ́rẹ́ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni. Ahọ́n ló kọ́kọ́ sàn. Lẹ́yìn náà, bí mo ṣe ń kùn nípa ooru lọ́jọ́ kan, ó gbójú sókè níbi máṣìn, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá áyọ́ọ̀nù yín jà jẹ́ẹ́jẹ́, kò sẹ́lòmíràn tó lè gbà yín.” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo sáré gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde lọ sunkún. Ó pẹ́ sí i kó tó di ọjọ́ tó ń rán bọ́tìnnì, tí abẹ́rẹ́ ọwọ́ gún un ní ìka. Ó ké. Ó wò mí, ó ní, “Ó dùn mí.” Ó tún fi gún ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì tún ké.

Ẹsẹ̀ ni kò yá. Èyí ló ń dẹ́rù bà mí jù, torí dókítà ti sọ pé a ò mọ̀. Mo máa ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bó bá ń bọ́ bàtà, mo máa ń dúró de ọ̀rọ̀ yẹn. Kì í sọ nǹkan kan, èmi náà kì í bi í.

Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, mo gbọ́ ìró òòlù lẹ́yìnkùlé, mo sáré lọ. Ó ti yọ irin ìtìlẹ̀kùn náà kúrò lára ilẹ̀kùn Màmá, ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìṣó tó ti dógùn-ún. Ó bọ́ bàtà. Ó wọ inú yàrá lọ, ó fẹsẹ̀ gbá àjákù aṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dúró lórí sìmẹ́ńtì, ó sì dijú. Mo na ọwọ́ láti gbá a mú. Ó fì díẹ̀. Kò ṣubú.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ó ní, “ilẹ̀ yìí ti fẹ́ le.”

“Ó ti le látọjọ́ yìí,” ni mo wí.

“Ó le nígbà ayé Màmá náà.” Kò tíì la ojú. “Bóyá abẹ́rẹ́ lásán ni wọ́n ń fẹ́.”

Mo jókòó sílẹ̀ níbi tí bẹ́ẹ̀dì wọn wà nígbà náà, mo sunkún ìyá mi bí ẹni pé àná ni wọ́n kú, àbúrò mi sì jókòó tì mí. Ó gbé irin náà sílẹ̀ láàárín wa. Láti kékeré ni mo ti ń bẹ̀rù rẹ̀, mi ò sì fọwọ́ kàn án rí. Mo gbé e sínú àtẹ́lẹwọ́ mi. Irin kékeré ni, kò tó ìka mi gùn.